Ohun ìjà méjì tí kòkòrò inú ikùn mi ń lò

Wọ́n ní kí n mu omi kan tí wọ́n po nǹkan sí, kí n dúró díẹ̀, kí n wá fẹ́ èémí mi sínú àpò. Nígbà tí èsì jáde, dókítà ní "Ẹ ní Helicobacter pylori nínú o." Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú ikùn nìyẹn. Àyà mi já. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, bíi ìdajì èèyàn tó wà láyé ló ní in, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní mọ̀ títí wọ́n á fi kú. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn, torí tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi ń di ọgbẹ́ inú lára àwọn kan, tó ń di jẹjẹrẹ lára àwọn díẹ̀, táwọn tó kù ò sì mọ nǹkan kan lára?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lóru.

Àṣé ẹrù tí kòkòrò yẹn gbé dání wà lára ohun tó ń fa ìyàtọ̀. Púrótéènì méjì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ jù, VacA àti CagA. VacA yìí, kòkòrò á tú u síta, ẹyọ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á so kọ́ra bíi òdòdó, wọ́n á wá dá ihò sí awọ sẹ́ẹ̀lì wa. Tó bá ti ráyè wọlé, àwọn àpò kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì á máa fa omi, wọ́n á wú, mo rí fọ́tò ẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù, ṣe ló dà bí ìfófòó ọṣẹ. Ó tún lè dé ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára, kó bà á jẹ́, kí sẹ́ẹ̀lì kú. Gbogbo H. pylori ló ní jíìnì VacA o, ìyẹn ìlànà inú ara wọn tí wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ ti àwọn kan le, ti àwọn kan ò fẹ́ẹ̀ lè ṣe nǹkan kan.

CagA ló bà mí lẹ́rù ní tèmi. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in, àmọ́ èyí tó bá ní in ní nǹkan kan tó dà bí abẹ́rẹ́ lára, òun ló fi ń gún CagA wọ inú sẹ́ẹ̀lì tààrà. Tó bá débẹ̀ tán, ẹ ẹ̀ ní gbà gbọ́, ẹ́ńsáìmù tiwa fúnra wa, ìyẹn púrótéènì tó ń bá sẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́, ló máa ń lẹ kẹ́míkà kékeré kan tó ń jẹ́ fósíféètì mọ́ ọn lára, ìgbà yẹn ló tó lágbára láti di púrótéènì wa kan tí wọ́n ń pè ní SHP2 mú, kó máa fi í pàṣẹ irọ́. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́ á nà gbọọrọ, orúkọ ẹyẹ kékeré kan tó lẹ́nu ṣóṣóró ni wọ́n fi ń pe ìrísí yẹn, á jáwọ́ lára ẹnìkejì ẹ̀, á máa pọ̀ sí i nígbà tí kò yẹ. Ọ̀nà jẹjẹrẹ nìyẹn. Ní 1994 ni àjọ WHO tó ń rí sí jẹjẹrẹ ti ka kòkòrò yìí mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Ẹ sì wò ó, tẹ́lẹ̀, ìrònú ni wọ́n ní ó ń fa ọgbẹ́ inú, pé kò sí kòkòrò tó lè gbé inú àsíìdì. Ní 1984 ni Barry Marshall, dókítà ará Ọsirélíà, bá gbé kòkòrò náà mu láti fi dán an wò, ògiri ikùn ẹ̀ sì wú lóòótọ́! Òun àti Robin Warren tí wọ́n jọ ṣèwádìí gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Èmi ò lè mu ún láé.

Mo bi dókítà mi bóyá tèmi ní CagA. Ó ní fífẹ́ èémí ò lè sọ ìyẹn, oògùn kan náà sì ni mo máa lò: oríṣi antibáyọ́tíìkì méjì pẹ̀lú èyí tó ń dín àsíìdì kù, ọjọ́ 14. Mo ti lo mẹ́sàn-án, ẹnu mi ń korò bíi pé mo lá irin. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo parí ẹ̀, mo tún máa lọ fẹ́ èémí sínú àpò.