Ìbọn tí kì í dóògún

Bàbá òyìnbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí ní Houston ló mú mi lọ síbi ìyìnbọn lánàá. Baba ti lé ní 70 ọdún, àmọ́ ìbọn àtijọ́ ló ń kó jọ bí ìyá mi ṣe ń kó aṣọ òkè jọ. Ó yọ ìbọn ìléwọ́ kan látinú àpótí, ó ń dán gbinrin. Ó ní kí n yìn ín wò.

Gbà! Gbà! Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dákẹ́. Apá òkè rẹ̀ há ságbede méjì, kò lọ, kò bọ̀. Òógùn bò mí. Mo ti ba nǹkan onínǹkan jẹ́!

Ẹ̀rín ni baba bú sí. Ó tú u, ó ní kí n fi ìka tọ́ ibi tí irin méjèèjì ti ń ha ara wọn. Ó rí ṣákaṣàka, bíi pé wọ́n fi èékánná họ ọ́. Irin tí kì í dóògún, tí líle rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú èyí tó ń ha, ńṣe ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n á sì bó ara wọn. Ohun tó dààmú àwọn tó kọ́kọ́ fi irú irin yìí ṣe irú ìbọn bẹ́ẹ̀ láàárín 1970 sí 1980 nìyẹn. Gírísì ló ń fẹ́, kì í ṣe epo ṣíṣàn.

Auto Mag, ìbọn ìléwọ́ kan tí wọ́n fi irú irin yìí ṣe, ni baba ń wá báyìí, èyí tí wọ́n kọ Pasadena sí lára, ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní California. 1971 ni wọ́n gbé e jáde, nígbà tó fi máa di 1972 ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti wọko gbèsè. Ìdí tó fi wọ́n nìyẹn.

Mo ní, "Ṣé ó ń yìn dáadáa?"

Ó wò mí. "Ta ló fẹ́ yìn ín?"