Ẹ Ka Orí Kí Ẹ Tó Ka Owó

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tí kò ní sọ yín di onígbèsè, ẹ má tíì bèèrè iye tí wọ́n ń gba họ́ọ̀lù. Ẹ kọ́kọ́ jókòó, kí ẹ ka iye èèyàn tí ẹ máa bọ́. Abẹ́òkúta la ti ṣe tiwa, iwájú ilé ẹbí wa la sì ta kánópì sí. Ohun tí mo rí ni pé orí èèyàn ló ń jẹ owó. Òun ló ń sọ iye ìrẹsì, àga, omi ọ̀rá, títí dórí ike àti abọ́ tí wọ́n ń pín fún àlejò.

Aṣọ ẹbí ló sì ń sọ orí di púpọ̀ láìfura. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi èrè orí aṣọ gbọ́ bùkátà ìnáwó. Èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ ṣírò ó délẹ̀: ẹni tó bá ra aṣọ lọ́wọ́ yín, ẹ ti pè é nìyẹn. Ó máa jẹun, ó máa gba abọ́, ọ̀rẹ́ tó tẹ̀ lé e wá náà máa jẹun. Tó bá di ọjọ́ ìnáwó tirẹ̀, ẹ ò ní lè sọ pé ẹ ò ra aṣọ. Àwọn mìíràn sì máa gbà á láwìn. Kí ẹ tó rí owó yẹn gbà, ọmọ yín ti lè máa rìn.

Àwa ò dá aṣọ. A ní kí oníkálukú wọ àdìrẹ aláró tó bá ní nílé. Nílùú tí ọjà àdìrẹ Ìtòkú wà, ta ni kò ní àdìrẹ kan nínú àpótí? Màmá mi fàbínú yọ: "Ṣé bí ọmọ òrukàn lo ṣe fẹ́ lọ sílé ọkọ ni?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Gèlè tiyín àti ti màmá ọkọ mi la máa rà." Wọ́n gbà, àmọ́ kò dé inú wọn. Lọ́jọ́ náà, aró oríṣiríṣi ló kún abẹ́ kánópì, ó sì wù mí ju léèsì lọ.

Ní ti ẹrù ìdána, kí ọkọ má fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n dín in kù, ìjà nìyẹn. Ẹnu àgbà ilé ìyàwó ló ti yẹ kó jáde. Iṣu 42 ló wà nínú lísìtì tiwa. Àbúrò bàbá mi ló bá wa dá sí i: "Ohun àdúrà ni ká má fọwọ́ kàn: obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, àádùn. Ìyókù, ẹ ṣe bí ẹ ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n." Bí iṣu ṣe di 21 nìyẹn.

Ẹ bá alága ìdúró àti alága ìjókòó sọ ọ́ ṣáájú: ṣé owó tí wọ́n ń gbà lójú agbo wà lára owó iṣẹ́ wọn, àbí ó yàtọ̀? Owó ìkanlẹ̀kùn, owó ìkàwé, owó ìyàwó ilé, ẹ ti dì í sínú àpòòwé láti ilé, kí ọ̀rẹ́ ọkọ mú un dání. Bí alága bá rí ọkọ tó ń tọwọ́ bọ àpò, orin ò ní tán.

Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n owó náírà síni lára lójú agbo sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Agbọ̀n la gbé kalẹ̀ fún àpòòwé, kò sì sí èyí tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn aṣawó. Ṣùgbọ́n ẹ má fi owó tí ẹ ò tíì rí ṣèlérí fún alásè o.

Ẹni tó bá fẹ́ ti kọ́ọ̀tù, kó tètè lọ forúkọ sílẹ̀, torí ọjọ́ 21 ni ìkéde fi ń wà lójú pátákó. Àṣẹ àkànṣe fún ẹni tó ń kánjú, owó ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ fúnra yín ra nǹkan ọbẹ̀, kí ẹ san owó iṣẹ́ fún ìyá alásè. Kí ẹ sì wá àgbà obìnrin kan nínú ẹbí tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, kó jókòó ti ẹran.