Ẹ má fi loperamide dá aláìsàn lóhùn lórí fóònù

Ẹ̀yin àbúrò wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí oògùn jẹjẹrẹ, ẹ ti mọ ohun tí CTLA-4, ìjánu ara sẹ́ẹ̀lì ajàgun wa, ń ṣe, n ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo ní.

Èkíní: kí aláìsàn melanoma (jẹjẹrẹ awọ ara) tó gba ipilimumab (oògùn tó ń tú ìjánu yẹn) àkọ́kọ́, ẹ bi í pé ìgbà mélòó ló ń yàgbẹ́ lóòjọ́, kẹ́ ẹ kọ iye rẹ̀ sínú fáìlì. "Inú rẹ̀ dáa" kì í ṣe iye. Ohun tó bá fi lé iye yẹn la fi ń mọ bí ìgbẹ́ gbuuru ṣe le tó: mẹ́rin sí mẹ́fà, ìpele 2, méje sókè, ìpele 3. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà báyìí, tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló ń lọ tẹ́lẹ̀, ìpele 2 ló wà; tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìpele 1 ni. Ta ló máa mọ̀ bẹ́ ò bá kọ ọ́?

Èkejì ni ìpè ọjọ́ Jímọ̀. Aláìsàn á ní òun ń yà ṣáá, ẹni tó gbé fóònù á ní kó lo loperamide, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, kó wá lọ́jọ́ Ajé. Ó máa ń bí mi nínú, torí ọdọọdún la ń wí i. Ìfun ni sẹ́ẹ̀lì ajàgun tí oògùn wa tú sílẹ̀ ń bá jà. Loperamide ò dá ìjà yẹn dúró, iye ìgbẹ́ nìkan ló ń dín kù. Kó tó di ọjọ́ Ajé, àkọsílẹ̀ á ní ara ti ń yá, ìfun sì lè ti lu. Nínú ìwádìí aláìsàn 676 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, èyí tó ṣí ọ̀nà fún ipilimumab, ikú 14 ni wọ́n kà sí oògùn lọ́rùn. Méje nínú wọn wá látinú ìkọlù sẹ́ẹ̀lì ajàgun ara.

Ọjọ́ tó pè gan-an ni kó wá. Ẹ bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí ikun wà nínú ìgbẹ́, bóyá inú ń run ún, àti bóyá ìgbẹ́ ń jí i lóru. Ẹ yẹ ìgbẹ́ wò fún C. difficile, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ fún ikọ́ ẹ̀gbẹ àti hepatitis B lọ́jọ́ kan náà, torí infliximab, oògùn tó ń tẹ ìkọlù ara rọ tó sì lè jí àwọn àrùn wọ̀nyẹn, lè kàn, èsì sì máa ń pẹ́. Tó bá jẹ́ ìpele 3, ẹ dá ipilimumab dúró, kẹ́ ẹ fi methylprednisolone (steroid tó ń pa ìkọlù náà rọ) 1 sí 2 mg/kg lójúmọ́ sínú iṣan. Bí kò bá rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, infliximab 5 mg/kg, àfi tí ìfun bá ti lu. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fi rọra dín steroid kù. Ẹni tó bá já a gbà lójijì, ìgbẹ́ náà lè padà. Ẹ̀rù pé steroid á ba iṣẹ́ oògùn jẹ́ ló ń dá àwọn kan dúró, bẹ́ẹ̀ wọ́n yẹ aláìsàn 298 wò ní Memorial Sloan Kettering, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ ní New York, wọn ò rí i pé ó gé ẹ̀mí wọn kúrú. 2015 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èkejì ti jẹ gbogbo ààyè. Ẹ̀kẹta rèé ní ṣókí: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún àwọn onílukimíà (jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀) ní CAR-T, sẹ́ẹ̀lì ajàgun tí wọ́n tún ṣe kó lè bá jẹjẹrẹ jà, ibà ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Kí sẹ́ẹ̀lì tó wọ ara aláìsàn, ìwọ̀n méjì ó kéré tán nínú tocilizumab, oògùn tó ń tẹ ìjà tó ń fa ibà náà rọ, gbọ́dọ̀ ti wà nítòsí, kì í ṣe ní ilé oògùn tí wọ́n ti tì lálẹ́. Ìwọ̀n kan jẹ́ 8 mg/kg fún àgbàlagbà, kò gbọdọ̀ ju 800 mg lọ lẹ́ẹ̀kan.