Ríìmù àti táyà fún Volkswagen Ìjàpá: ibi tí iṣẹ́ dé

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ihò àti bóòtì

Ìjàpá àtijọ́ kan là ń tún ṣe. Ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dà ti gbẹ lára bọ́dì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló kù. Ríìmù irin tó wà lára rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 4.5, ó ga ní íǹṣì 15, táyà 165/80R15 ló sì wà lórí rẹ̀: 165 ni fífẹ̀ táyà ní mm, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 80 nínú 100 fífẹ̀ náà, 15 sì ni íǹṣì ríìmù. Táyà yẹn ti ṣọ̀wọ́n lọ́jà. Ìsọ̀ tí ẹ bá dé, 195/65R15 ni wọ́n á gbé jáde, torí òun ni ọ̀pọ̀ Corolla ń lò. Bí fọkanáísà bá ní òun lè fi 195 há orí ríìmù irin náà, ẹ má gbà fún un. Íǹṣì 5.5 ni ríìmù tó kéré jù tí 195/65 lè jókòó lé. Lórí 4.5, etí táyà á fún pọ̀, àárín ojú rẹ̀ á yọ bí ikùn, ibẹ̀ nìkan lá sì máa jẹ. Tí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, táyà á máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ríìmù là ń yàn ṣáájú, táyà ló ń tẹ̀lé e.

Kí owó tó kúrò lápò, ẹ ka ihò. Ìjàpá àtijọ́ ní ihò 5 lórí òbìrípo 205 mm. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ní 4 lórí 130 mm. Oníhò 4 rọrùn láti wọ̀n: láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó dojú kọ ọ́. Ti oníhò 5 kò rí bẹ́ẹ̀, torí ihò kankan kò dojú kọ èkejì. Àárín ihò méjì tó tẹ̀ lé ara wọn ni kí ẹ wọ̀n. Tó bá jẹ́ 120.5 mm, 205 ni. Ẹ má fi ọdún ọkọ̀ ṣe ẹ̀rí, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n tò ní Òjó, l'Ékòó, lẹ́yìn 1975. Mẹkáníìkì lè ti pààrọ̀ dúrọ́ọ̀mù nígbà kan, kí iwájú má sì bá ẹ̀yìn mu. Ìjàpá tiwa yìí ní 4 yípo, bóòtì rẹ̀ sì jẹ́ M14 × 1.5.

Ibi tí ewu wà gan-an ni orí bóòtì. Orí bóòtì tó bá ríìmù irin wá rí roboto bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ojú tí bóòtì ń jókòó sí lára ríìmù álọ́ì tí a rà rí bí ẹnu àrọ. Tí ẹ bá fi olórí roboto dè é, òrùka tín-ín-rín kan péré ni wọ́n fi ń kan ara wọn. Ó máa le lọ́wọ́ bí ẹni pé ó ti tán, àmọ́ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ álọ́ì á tẹ̀, bóòtì á tú, ihò á sì máa gùn bí ẹyin. Bóòtì 16 olórí ṣóńṣó ni a rà. Ìka ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i wọlé, kí ẹ sì máa kà: ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ tó 14 mm, ìyẹn yíyí 9 sí 10. Tó bá sì gùn jù, imú rẹ̀ á yọ sínú dúrọ́ọ̀mù, á máa ha nǹkan bíréèkì. Ẹ dè é tán, kí ẹ fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà, kí ẹ tẹ́tí sí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì: ET

ET ni ìjìnnà, ní mm, láti ojú tí ríìmù fi ń lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù dé àárín gbùngbùn fífẹ̀ rẹ̀. A da ríìmù irin náà dojú bolẹ̀, a gbé rúlà irin dábùú ẹ̀yìn rẹ̀, a sì wọ̀n láti abẹ́ rúlà dé ojú tó ń lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù: 104 mm. Láti etí òde dé etí òde, ríìmù náà jẹ́ 140 (ó ju íǹṣì 4.5 lọ torí ó ka ètè méjèèjì mọ́ ọn), ìdajì rẹ̀ 70. Yọ 70 kúrò nínú 104, ó ku 34.

Ríìmù álọ́ì fẹ̀ ní íǹṣì 5.5, ET 20 ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ní apá inú, ti irin wọlé ní 91 mm (57, ìdajì íǹṣì 4.5, àti 34), ti álọ́ì wọlé ní 90. Ní apá òde, irin yọ ní 23, álọ́ì yọ ní 50. Inú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Mm 27 ló bọ́ síta. Ká ní ET 34 ni álọ́ì yìí ní, mm 13 ni ì bá fi wọ inú sí i, sí ìhà ṣọ́ọ̀kì. Ìṣirò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ń fò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: amọ̀

Ìṣirò kò mọ̀ bóyá nǹkan ti gbá fẹ́ńdà rí, tí wọ́n sì tún un lù. Amọ̀ rírọ̀ ló mọ̀ ọ́n. A ṣù ú bí ẹ̀kùrọ́, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ etí fẹ́ńdà níbi mẹ́ta lókè ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a fi ọ̀rá bò ó kí ó má bàa lẹ̀ mọ́ táyà. Ọ̀pá irin tó ń lọ́ ló gbé Ìjàpá tiwa yìí dúró, kò sí sípíríǹgì tí a lè yọ. Nítorí náà èèyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn, a gbé jáàkì sábẹ́ ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn títí ẹsẹ̀ fi lọ sókè kan rọ́bà tó ń dá a dúró. Níwájú, a yí ìdarí dópin lọ́tùn-ún àti lósì.

Lẹ́yìn, 195/65 fi amọ̀ tó nípọn 11 mm sílẹ̀. Ó dára. Níwájú, nígbà tí ìdarí dópin lọ́tùn-ún, 2 mm péré ló kù ní etí ẹ̀yìn fẹ́ńdà, ìtẹ̀ ojú táyà sì hàn kedere lára amọ̀ náà. Ohun tó bá dín ní 5 mm, a ò gbà á, torí bíárì tó bá jẹ díẹ̀ á jẹ ìyókù. A gbé 185/65R15 síwájú: 7 mm. Iwájú tín-ín-rín, ẹ̀yìn fẹ̀: bó ṣe yẹ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn nìyẹn. Ẹ má yí i padà láé.

Wáyà tó ń wa aago ìsáré gba àárín ẹsẹ̀ òsì iwájú kọjá, nítorí náà táyà iwájú nìkan ló kàn án. 165/80 ga ní 645 mm, 185/65 ga ní nǹkan bí 621. Tí aago bá ka 80 dáadáa tẹ́lẹ̀, yóò ka 83 báyìí. Ẹ rí i pé ìdérí àárín ríìmù kò tẹ orí wáyà náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: afẹ́fẹ́ àti sípéà

Òǹkà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT, ìyẹn àmì tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ni ọjọ́ orí táyà: 2318 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ní 2018. Tòkunbọ̀ tó ń dán lè ti dàgbà jù. Ẹ kà á kí ẹ tó dúnàá dúrà.

Ẹ sọ iye afẹ́fẹ́ fún fọkanáísà kí ó tó fi páìpù bọ̀ ọ́, torí psi 30 sókè ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́. 18 níwájú, 27 lẹ́yìn ni ìwé ọkọ̀ sọ fún táyà rádíà, ibẹ̀ la sì ti bẹ̀rẹ̀. Tí iwájú bá le jù, á máa ta pọ́ún-pọ́ún lórí kòtò, ìdarí á sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Tí ẹ̀yìn bá rọ̀ ju iwájú lọ, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ yọ síta ní kọ́nà.

Sípéà ṣì jẹ́ ríìmù irin pẹ̀lú 165, torí ibi tí ó ń dúró sí níwájú kò gba èyí tó fẹ̀. Bóòtì olórí ṣóńṣó kò sì gbọdọ̀ de ríìmù irin. A di bóòtì olórí roboto mẹ́rin sínú àpò kékeré, a so ó mọ́ sípéà náà gan-an. Tí omi fífọ gíláàsì bá ń lo afẹ́fẹ́ sípéà, bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ Ìjàpá, ẹ máa wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù.

Lẹ́yìn 80 km, a tún fi súpánà oníwọ̀n de gbogbo bóòtì. Méjì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn ṣì gbà díẹ̀. Àwọn yòókù kò mì. A ó tún wò wọ́n ní 500 km.