CH 701 ní Ilé-Ifẹ̀: ìrù òòró ti parí, ìrù ìbú ló kàn

Ìrù òòró CH 701, bààlúù kékeré tí à ń kàn fúnra wa ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀nà Ẹdẹ, ti parí: ìrù tó dúró sókè lẹ́yìn bààlúù nìyẹn. Awọ rẹ̀, ìyẹn ṣíìtì alumíníọ̀mù tó bò ó, ti wọ̀, rífẹ́ẹ̀tì tó so ó pọ̀ ti pé, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kò sì lọ́. Orí ìrù la ti bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó kéré: bí ṣíìtì kan bá bàjẹ́, owó díẹ̀ ló bá a lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ọgbọ́n tí apá máa béèrè ló wà nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe lọ nìyí, pẹ̀lú ìṣirò tí a fi ń mú ohun tó kù. Ìwọ̀n ló ń pinnu bóyá bààlúù kékeré máa fò dáadáa, torí náà ọ̀rọ̀ ìwọ̀n á pọ̀.

Bààlúù náà

Chris Heintz ló ya àwòrán 701, ó sì jáde ní 1986. Ilé iṣẹ́ Zenith, nílùú Mexico ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ló ń ta àwòrán àti ẹ̀yà rẹ̀. Ènìyàn 2 ló ń jókòó sínú rẹ̀. Láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì jẹ́ 8.23 m, gígùn rẹ̀ 6.38 m, ojú apá rẹ̀ lápapọ̀ 11.4 m². Òfìfo rẹ̀ wọn bí 263 kg, òun àti gbogbo ohun tó bá gbé kò sì gbọdọ̀ ju 500 kg lọ lápapọ̀.

Kì í ṣe ultralight, ìyẹn bààlúù tó fúyẹ́ gan-an, lójú òfin Part 103 ti Amẹ́ríkà. Òfin yẹn béèrè ìjókòó kan, òfìfo tí kò tó 115 kg, epo tí kò ju lítà 19 lọ. A yẹ irú wọn wò dáadáa kí a tó fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo ẹ́ńjìnnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo, irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kì í sì í forí jini: bí epo bá kéré sí atẹ́gùn tó ń wọlé, pístìnnì á gbóná, á sì há.

Ẹni tó mọ ìtàn bààlúù nílẹ̀ wa á rántí Air Beetle tí ilé iṣẹ́ AIEP kàn ní Kaduna fún Ológun Òfurufú. Van's RV-6A, bààlúù àkànfúnra-ẹni láti Amẹ́ríkà, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. RV-6A yára ju 701 lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n rífẹ́ẹ̀tì líle ni wọ́n fi kàn án: ẹnì kan á máa fi ìbọn rífẹ́ẹ̀tì lu orí rẹ̀, ẹlòmíràn á di irin mú sí ìdí rẹ̀ lódì kejì. Ti 701 jẹ́ rífẹ́ẹ̀tì fífà. Ẹnì kan á dúró sójú kan, á fà á, ó parí. Fún ṣọ́ọ̀bù kékeré, ìyẹn tó láti yàn án.

Alumíníọ̀mù

6061-T6 ni ṣíìtì rẹ̀: 6061 ni irú alumíníọ̀mù náà, T6 ni bí wọ́n ṣe fi ooru mú un le. Ìnṣì ni àwòrán fi ń sọ nínípọn: 0.016, 0.020, 0.025, 0.032, 0.040. Ìyẹn jẹ́ bí 0.4, 0.5, 0.63, 0.8 àti 1.0 mm.

Ìbéèrè tí àwọn àlejò ṣọ́ọ̀bù ń bi wá jù ni pé, ṣebí páànù alumíníọ̀mù 0.45 mm àti 0.55 mm wà lọ́jà, kí ló dé tí a kò lo ìyẹn? Nínípọn nìkan ló bá a mu. Alumíníọ̀mù tó rọ̀ ni páànù òrùlé, kí ó lè gba ìtẹ̀ láìya. 6061-T6 máa ń gba agbára dé bí 276 MPa (òṣùwọ̀n agbára lórí ojú ohun) kó tó tẹ̀ pátápátá. Páànù ti tẹ̀ kó tó débẹ̀, bó bá sì ti tẹ̀, kò ní padà. Ṣíìtì gidi máa ń ní orúkọ irú rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ léraléra sára rẹ̀. Èyí tí kò ní àkọlé, tí kò sì ní ìwé ẹ̀rí láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kì í wọ ṣọ́ọ̀bù wa.

Máàkà la fi ń fa ìlà, kì í ṣe pẹ́ńsù. Ohun dúdú inú pẹ́ńsù máa ń bá alumíníọ̀mù jà tí ọ̀rinrin bá ti dá sí i, ìpẹtà á sì máa jẹ ẹ́ lẹ́sẹẹsẹ ìlà tí a fà. A kì í fi ìṣó ha á pẹ̀lú, torí ojú ibi tí a ha ni yóò ti sán. Búrọ́ọ̀ṣì irin kò gbọdọ̀ kàn án: èérún irin á há sínú rẹ̀, á sì máa dípẹtà níbẹ̀.

Títẹ ìhà

Ìhà ni egungun tó wà lábẹ́ awọ, tó ń fún un ní ìrísí. Igi ìrókò la fi ṣe àdàkọ rẹ̀, méjì fún ìhà kọ̀ọ̀kan. A fi bóòtì di ṣíìtì sáàárín wọn, a wá fi òòlù rọ́bà lu etí rẹ̀ wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láti òpin kan dé èkejì, lẹ́yìn náà a tún padà. Ẹni tó bá fẹ́ lu ibì kan délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti hunjọ. Igun àdàkọ gbọ́dọ̀ yípo ní bí 3 mm. Bó bá mú, T6 á sán. A tún fá ẹ̀gbẹ́ igi náà wọnú ní nǹkan bí 3°, torí pé etí tí a tẹ̀ máa ń padà sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́yìn tí òòlù bá kúrò. Níbi tí ìtẹ̀ bá ti gùn, ẹ jẹ́ kó dábùú ojú tí wọ́n fi yí ṣíìtì náà ní ilé iṣẹ́, kó má bá a lọ.

Imú ìhà tó yípo máa ń ní etí tó pọ̀ jù, ìhà náà á sì wọ́ bí ọrun. Pílíásì la fi ń ká etí náà wọnú ní kéékèèké, sáàárín ibi tí rífẹ́ẹ̀tì máa wà, títí ìhà fi máa sùn pẹrẹsẹ lórí tábìlì.

Pánẹ́ẹ̀bítà tó gbọ́ṣẹ́ á tètè mọ apá yìí, ọwọ́ wọn sì dára lórí òòlù. Ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n fi sílẹ̀ sí títì: iná gáàsì. Ibi tó bá le lára ọkọ̀, wọ́n á fi iná rọ̀ ọ́. 6061-T6 tí iná bá kàn, agbára T6 ti lọ lára rẹ̀, kò sì ní yí àwọ̀ padà kí a lè dá a mọ̀. Ìhà tí iná bá kàn, ẹ jù ú nù.

Rífẹ́ẹ̀tì

Méjì ni 701 ń lò jù, A4 tó jẹ́ 3.2 mm àti A5 tó jẹ́ 4.0 mm. Ihò A4 jẹ́ ti ẹnu dírílì nọ́ńbà 30, 3.26 mm, ti A5 jẹ́ nọ́ńbà 20, 4.09 mm. Bí ẹ kò bá rí onínọ́ńbà, 3.3 mm àti 4.1 mm á ṣe é. 3.5 mm tó kún ọjà ti fẹ̀ jù fún A4: rífẹ́ẹ̀tì á jókòó ní wíwọ́, ihò á sì máa fẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbọ̀n ọ́n.

Rífẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ń lò kò bá iṣẹ́ yìí mu. Òpó àárín rẹ̀ lè já bọ́ lẹ́yìn tí a bá fà á. Ihò á ṣẹ́kù, omi á máa gbabẹ̀ wọlé, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Ti Avex tí Zenith ń fi ránṣẹ́, orí rẹ̀ pẹrẹsẹ ni, ẹnu ìbọn tí a gbẹ́ kotopo ló ń sọ ọ́ di róbótó bó ṣe ń fà á. Ẹnu ìbọn lásán kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti àárín ihò dé etí ṣíìtì kò gbọdọ̀ kéré sí ìlọ́po méjì ìbú rífẹ́ẹ̀tì. Fún A4, 6.4 mm nìyẹn; 10 mm la ń lò.

A kọ́kọ́ ń lu ihò kékeré, a fi Cleco, ìdè kékeré tí a lè yọ, dì í mú, a wá fẹ̀ ẹ́ dé bó ṣe yẹ. Cleco aláwọ̀ bàbà ni ti A4, dúdú ni ti A5. Lẹ́yìn èyí, gbogbo rẹ̀ á tú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rẹ̀ yín láti tú u. Èérún tó há sáàárín ṣíìtì méjì kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, rífẹ́ẹ̀tì á sì wú sínú àlàfo náà dípò kó fún wọn pọ̀. Lójú, ó dàbí pé ó ti dì; bí ẹ bá fi èékánná kàn án, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ fá etí gbogbo ihò, ẹ nu ún, ẹ fi kẹ́míkà zinc chromate kun ojú ibi tí ṣíìtì méjì ti pàdé nìkan, ẹ sì bo imú nígbà tí ẹ bá ń fọ́n ọn, torí májèlé ni. Lẹ́yìn náà kí Cleco padà sípò, kí fífà sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí etí, ní fífo ihò kan sí èkejì.

Ooru ló ń lọ́ ìrù jù. Alumíníọ̀mù mítà 1.5 tó gbóná sí i ní 15°C ti fi 0.5 mm gùn sí i. Bí oòrùn ojú fèrèsé bá ń pa awọ ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí à ń fa rífẹ́ẹ̀tì, tí èkejì wà lábẹ́ òjìji, ẹ̀gbẹ́ tó gbóná á sún kì nígbà tó bá tutù, á sì fa gbogbo rẹ̀ lọ́. Àárọ̀ kùtùkùtù, kí páànù òrùlé ṣọ́ọ̀bù tó gbóná, la fi ń pa awọ dé. A sì ti ya fọ́tò inú rẹ̀ kí ó tó dé, torí bààlúù tó máa gba 5N, àmì ìforúkọsílẹ̀ Nàìjíríà, lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀.

Ìwọ̀n

Àwọn kan gbà wá nímọ̀ràn pé kí a lo awọ tó nípọn jù fún ààbò. Ṣíìtì 0.016 wọn 1.1 kg ní mítà onígun mẹ́rin kan, 0.020 wọn 1.37 kg. Ojú apá lókè àti nísàlẹ̀ jẹ́ bí 22.8 m². Àfikún 6 kg nìyẹn, láìsí ìdí kan. Ọ̀dà náà ń wọn: ọ̀dà gbígbẹ tó nípọn tó 0.1 mm jẹ́ bí 140 g ní mítà onígun mẹ́rin, torí náà kíkùn bààlúù lódindi lè gba 7 kg. Ti ìrù ló burú jù. 1 kg tó wà ní mítà 4 lẹ́yìn ojú ìwọ̀n (ibi tí bààlúù ti dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn) bààlúù 400 kg á fa ojú ìwọ̀n náà sẹ́yìn ní bí sẹ̀ńtímítà 1, ẹ̀yà ìrù tí awakọ̀ ń yí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá sì wúwo lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀ nínú atẹ́gùn títí yóò fi já. Gbogbo ẹ̀yà tó bá jáde lórí tábìlì ló ń gun òṣùwọ̀n kí ọ̀dà tó kàn án.

500 kg dín 263 kg jẹ́ 237 kg. Ènìyàn 2 tó wọn 80 kg lẹ́nì kọ̀ọ̀kan gba 160. Epo tó kún, gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 20, gba bí 54. 23 kg ló kù fún ẹrù àti gbogbo ohun tí a bá fi kún un.

Iye tó bá Ifẹ̀ mu

Ìwé ìpolówó sọ pé 48 km/h ni eré tó kéré jù tí apá fi lè gbé e. Heintz fún apá náà ní ìwọ̀n ìgbésókè 3.1, iye tó ń sọ bí apá ṣe lè gbé bààlúù tó, pẹ̀lú pẹpẹ kékeré tó wà níwájú rẹ̀ àti pẹpẹ ẹ̀yìn tí a rẹ̀ sílẹ̀. Bí a ṣe fi ìyẹn ṣírò ní 500 kg, 54 km/h ló bọ́ sí, nínú atẹ́gùn 15°C létí òkun. 48 km/h máa ṣeé ṣe bí gbogbo rẹ̀ bá wọn bí 392 kg: ẹnì kan àti epo tí kò kún.

Ifẹ̀ wà ní nǹkan bí 280 m sókè. Ní ọ̀sán 32°C, atẹ́gùn wa fẹ́lẹ́ tó ti ibi tó ga tó bí 940 m níbi tí ojú ọjọ́ ti bá ìwé mu. Ó fi bí ìdá 9 nínú 100 fúyẹ́ ju ti ìwé lọ. 54 yẹn á di bí 56 km/h lórí ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì á pàdánù ìdá tó sún mọ́ iye kan náà, ibi tí bààlúù máa sá dé kó tó gbéra á sì fi bí ìdá kan nínú márùn-ún gùn sí i. Ìlẹ́ṣà tún ga ju ibí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kan irú rẹ̀ níbẹ̀, kí ó ṣírò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Lórí ẹ́ńjìnnì, Rotax 912 UL tó ní agbára ẹṣin 80 ni a ń tẹ̀ sí. 912 ULS ẹlẹ́ṣin 100 ń béèrè epo RON 95, UL tẹ́ 90 lọ́rùn; RON ni iye tó ń sọ bí epo ṣe ń kọ lílù nínú sìlíńdà. Ẹ́ńjìnnì alágbára tí epo rẹ̀ ń lù nínú sìlíńdà nígbà tí à ń gòkè kò ṣe wá láǹfààní.

Ìrù ìbú la ó gé báyìí. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ní 701: ojú tó yọ ikùn ló ń wo ilẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ti ìrù wálẹ̀. Ojú máa ń mọ́ ti apá lára, ọwọ́ á sì fẹ́ to ìhà rẹ̀ lódì. Nítorí náà a ti fi máàkà kọ ÒKÈ sára àdàkọ ìrókò kọ̀ọ̀kan kí a tó di ṣíìtì àkọ́kọ́ sí i.