Kí ni Toledo ṣe fún mi?

Alẹ́ Sátidé tó kọjá, mo jókòó ti Crusader Kings III, géèmù kọ̀ǹpútà tí èèyàn ti ń ṣe ọba ayé àtijọ́. Ọdún 1066 ni mo ti bẹ̀rẹ̀, Alfonso ọba León, ní Sípéènì, ni mo mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Sancho ló ní Castile, àbúrò rẹ̀ García ló ní Galicia. Sancho gan-an ni ọ̀tá, ojú ẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀ mi. Mo tẹ àwòrán rẹ̀, mo wá bọ́tìnì ogun ẹ̀sìn títí, n kò rí i. Kátólíìkì lòun, Kátólíìkì lèmi. Ìjà oyè nìkan ló wà láàárín wa.

Mo wá tẹ al-Ma'mun, ọba Toledo, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bọ́tìnì ogun ẹ̀sìn tàn yòò.

Ìdí ni pé ojú mẹ́rin ni ẹ̀sìn kan fi ń wo òmíràn nínú géèmù yìí: olódodo, ẹni tó ṣìnà, ọ̀tá, ẹni ibi. Àwọn méjì ìkẹyìn nìkan lo lè gbé ogun ẹ̀sìn kò. Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kàn ṣìnà ni lójú Kátólíìkì, nítorí náà ó bọ́. Ṣùgbọ́n bí Sancho bá lè di Cathar, ìjọ Kristẹni tí Kátólíìkì kà sí ọ̀tá, lọ́la, ọ̀nà là nìyẹn. Mo gbàdúrà ẹ̀, kò gbà. (Mi ò tíì ra àfikún Sípéènì tó jáde ní 2022 o; ìyẹn ní òfin tirẹ̀.)

Bàbá mi ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n dúró lẹ́yìn mi.

“Kí ni ọkùnrin yìí ṣe fún ẹ?”

“Kò ṣe nǹkan kan, sà. Mùsùlùmí ni.”

Wọ́n wò mí. “Èmi náà ńkọ́?”

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín láti kíṣìn.

Mo ṣáà tẹ̀ ẹ́. Mo gbàgbé pé àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ lè wá gbèjà rẹ̀. Ọba Badajoz wọlé, ti Sevilla tẹ̀ lé e, wọ́n lù mí bí ẹní lu bàrà.

Inú ló bí mi tí mo fi lọ ka ìtàn Alfonso gidi. Ní 1072, Sancho ṣẹ́gun rẹ̀ ní Golpejera, ó lé e kúrò nílùú. Ta ló gbà á sílé? Al-Ma'mun ti Toledo! Ibẹ̀ ló wà títí wọ́n fi pa Sancho ní Zamora lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tó wá gba Toledo ní 1085, al-Ma'mun ti kú, ọwọ́ ọmọọmọ rẹ̀ ló ti gbà á.

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní kí n dá ìlú onílùú padà. Mo ní mi ò tiẹ̀ tíì rí i gbà.