Ta ló ń bá ẹ di bọ́tìnnì?

Ìgbà tí mo lọ kí àwọn ẹbí mi nílé wa ní Mọ́lete, n'Íbàdàn, ni mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ọwọ́ mi méjèèjì wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ọwọ́, ó jin wọnú, kò sì tètè kún padà, àfi bí ẹ̀bà tí ọmọdé fìka tẹ̀. Òrùka ò ṣeé bọ́. Ẹni ọdún 72 ni mí. Mo ní làkúrègbé ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àfi kí n ti bọ ẹni ibi lọ́wọ́ níbi ìnáwó. Aládùúgbò gbé àdí wá. Ọmọ oníkẹ́mísí kò béèrè ìwé dókítà, ó ta prednisolone fún mi bí ẹni ta súìtì, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì mo ti ń di ẹ̀ṣẹ́. Kò sọ fún mi pé oògùn náà máa ń lé ṣúgà sókè, bẹ́ẹ̀ alátọ̀gbẹ ni mí.

Síbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń pọnmi sí balùwẹ̀ fún mi, òun ló ń bá mi di bọ́tìnnì. Ohun tó dùn mí ni àmàlà tí mo fi ṣíbí jẹ lójú rẹ̀. Èmi!

Mo padà dé Manchester tí mò ń gbé, oògùn tán, ọwọ́ tún wú. Níbí, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ lẹ óò pe dókítà, orin á máa dún létí yín títí yóò fi sú yín. Àmọ́ ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà oríkèé, ó tẹ ọwọ́ mi bí èmi náà ṣe tẹ̀ ẹ́, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò rí àmì làkúrègbé tí wọ́n ń pè ní rheumatoid níbẹ̀. RS3PE ló pè é, àìsàn tí kò wọ́pọ̀, tó máa ń dédé kọlu àwọn tó ti lé ní 60, ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọdún 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ l'Ámẹ́ríkà. Prednisolone náà ló kọ fún mi, mílígíráàmù 15 lójúmọ́, ká máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí n má jù ú sílẹ̀ lójijì. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán àyà àti ikùn mi, torí jẹjẹrẹ máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ nígbà mìíràn. Wọn ò rí nǹkan kan. Kọ́bọ̀ n kò san.

Inú páálí ni wọ́n ti lẹ oògùn mọ́ bébà fàdákà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ihò tirẹ̀. Àtàǹpàkò mi ò lè tì í jáde, fọ́ọ̀kì ni mo fi gún un. Lọ́jọ́ tí ìdérí mílíìkì kọ̀ tí ò ṣí, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí títí aládùúgbò fi jáde. Ó ṣí i, ó ní "morning," ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ta ló wá ń bá ẹ di bọ́tìnnì níbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnnì ni mò ń wọ̀, mà."